Jígí fún Ọkàn Tó Ń Sáré: Ohun Tí Biofeedback Lè Ṣe fún Akẹ́kọ̀ọ́ PhD, àti Ohun Tí Kò Lè Ṣe

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ ètò yìí nínú mọ́tò, nínú gó-sìló, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á torí pé dátà ò tó láti gbọ́ ọ, mo rí yín, ẹ̀yin náà kú ọgbọ́n.

Ìpè kan tó wọlé sórí fóònù mi ní aago méjì òru ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pè. Wọ́n ń kàwé gboyè PhD ní yunifásítì kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n sì ń dá gbé yàrá kan nítòsí ọgbà ilé ìwé. Mo gbé ìpè náà, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí?" Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n kàn ń mí gúlegúle bí ẹni tó fẹsẹ̀ sáré láti Ọ̀jọ́ta dé Ìkẹjà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Àyà mi ń lù kìkì. Ọwọ́ mi ti kú. Mi ò rí èémí mí. Mo rò pé mo fẹ́ kú ni."

Aládùúgbò wọn kan ló gbé wọn lọ sí ọsibítù lóru yẹn. Wọ́n wọn ìfúnpá wọn, wọ́n so wáyà mọ́ àyà wọn láti wo bí ọkàn wọn ṣe ń lù. Ọkàn pé, kò sí àìsàn kankan nínú rẹ̀. Dókítà ní ìpayà òjijì ni, pé ìdààmú ọkàn ló fà á. Ẹ̀yin èèyàn mi, inú bí ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní, "Ṣé dókítà yẹn rò pé eré ni mò ń ṣe? Mo ní àyà mi fẹ́ bẹ́, ó ní mò ń ronú jù."

Ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀ nígbà yẹn. Ó ti pé oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti ń retí kí súpáfáísọ̀ wọn dá orí kejì ìwé ìwádìí wọn padà. Owó ilé ti tó san. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ń ṣe ìkómọ lórí WhatsApp. Bàbá wa sì ń béèrè ìbéèrè kan náà lóṣooṣù pé, "Ṣé o ò tíì parí ìwé yìí ni?"

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọsibítù ní kí wọ́n lọ rí sàíkọ́lọ́jíìsì kan. Obìnrin náà fi nǹkan kékeré kan há ìka wọn, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká, ó sì yí kọ̀ǹpútà náà sí wọn. Ìlà kan ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, játijàti, bí ọ̀nà tí òjò ti bà jẹ́. Ó ní, "Ọkàn yín nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká jọ mí jẹ́jẹ́, kí ẹ sì wo ohun tó máa ṣe." Nígbà tó fi máa tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìlà náà ti ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí omi ọ̀sà nígbà tí kò sí ìjì.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi lórí fóònù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ò tíì kúrò létí mi: "Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí nǹkan kan ti gbọ́ràn sí mi lẹ́nu kẹ́yìn."

Kí n má parọ́, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èémí tí Ọlọ́run fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ wá ń sanwó kọ́?" Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ni láti wádìí ọ̀rọ̀, mo sì lọ wádìí. Biofeedback lorúkọ ohun tí wọ́n ṣe fún wọn. Òun la fẹ́ tú palẹ̀ lónìí.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí?

Ní ọdún 2018, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Nature Biotechnology gbé ìwádìí kan jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ 2,279 láti orílẹ̀-èdè 26 ló dáhùn ìbéèrè. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń kàwé PhD, àwọn yòókù ń ṣe másítàs. Nínú 100 wọn, 41 ló ní àìbalẹ̀ ọkàn tó ti kọjá kékeré, 39 ló sì ní àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Nínú 100 àwọn ará ìlú tí wọ́n fi wọ́n wé, nǹkan bíi 6 ni. Lóòótọ́, àwọn tó bá wù ló dáhùn, ẹni tí bàtà sì ń ta lẹ́sẹ̀ ló sábà máa ń yá lára láti sọ̀rọ̀ bàtà. Síbẹ̀, ìlọ́po mẹ́fà kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní 2017, àwọn olùwádìí ní orílẹ̀-èdè Belgium bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ PhD tó lé ní 3,600 léèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n rí i pé nínú ẹni mẹ́ta, ẹnì kan wà létí àìsàn ọpọlọ, pàápàá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Wọ́n tún wo ohun tó so mọ́ ọn. Lára rẹ̀ ni iṣẹ́ tó ń wọnú ìgbé ayé ilé, iṣẹ́ tó pọ̀ ju agbára lọ, àti irú ẹni tí súpáfáísọ̀ jẹ́. Ẹ bá mi fi súpáfáísọ̀ yẹn sọ́kàn, a ṣì máa padà síbẹ̀.

Nílé wa níbí, ẹ fi ìyanṣẹ́lódì kún un. Ti ọdún 2022 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, kò sì parí títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn tó ká mọ́.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ayé òde òní tí kò lè fara da nǹkan ni. Ní ọdún 1960, dókítà ọpọlọ ará Kánádà kan, Raymond Prince, tó ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Aró ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà tó ń wá bá wọn. Wọ́n ní orí ń ta àwọn, wọ́n ní ó dà bíi pé nǹkan ń rìn nínú orí àwọn, wọ́n ń kàwé, kò wọlé, ojú wọn ń ṣe bàìbàì. Ó pe àìsàn náà ní "brain fag", ìyẹn ni pé ọpọlọ ti rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó tẹ̀ lé e ti bá a jiyàn. Wọ́n ní orúkọ yẹn kì í ṣe tàwa nìkan, pé àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì náà ti ń lò ó láti ọ̀rúndún ṣáájú. Ohun tó kàn mí nínú rẹ̀ ni pé nígbà tí ìwé bá wọ̀ wá lọ́rùn, ara wa ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀: orí, ojú, àyà, inú. Dókítà ẹ̀gbọ́n mi ò parọ́, ẹ̀gbọ́n mi náà ò ṣe eré. Ọkàn wọn ń sáré lóòótọ́. Ìdààmú ló ń lé e.

Báwo la ṣe ń wé gèlè láìsí jígí?

Ẹ̀yin obìnrin tó ń gbọ́ mi, ẹ rántí ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wé gèlè. Tí wọ́n bá gba jígí lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà, ẹ̀ bá wé e títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ ò ní mọ apá ibi tó ti wọ́. Jígí kì í wé gèlè fún èèyàn o, ọwọ́ ẹni ló ń wé e. Ṣùgbọ́n jígí ló ń jẹ́ kí ọwọ́ mọ ohun tó ń ṣe. Tó bá yá, tí ọwọ́ ti mọ̀ ọ́n, ẹ lè wé e nínú mọ́tò tó ń lọ.

Biofeedback nìyẹn. Nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ nínú ara tí ojú ò rí. Ẹ̀rọ á wọ̀n ọ́n, á sì fi hàn ẹ́ lójú ẹsẹ̀, bóyá bí ìlà, bí ohùn tàbí bí àwọ̀. Ìwọ á wá máa gbìyànjú, wàá máa rí èyí tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣiṣẹ́, títí ara á fi kọ́ ọ. Àwọn kan máa ń wọn òógùn àtẹ́lẹwọ́, torí pé bí ẹ̀rù bá ti ń bani, ọwọ́ a máa rin. Àwọn kan máa ń wọn bí iṣan èjìká àti iwájú orí ṣe le sí. Àwọn kan máa ń wọn bí ọwọ́ ṣe tutù tàbí gbóná. Ti ẹ̀gbọ́n mi, ìlù ọkàn ni.

Ní ọdún 1969, àwọn onímọ̀ pàdé ní Santa Monica ní California, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ biofeedback sí i. Ìrètí pọ̀ nígbà yẹn. Neal Miller, ọ̀gbẹ́ni onímọ̀ kan ní New York, ti ní òun àtàwọn tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ kọ́ àwọn eku bí wọ́n ṣe lè yí ìlù ọkàn wọn padà. Nígbà tó yá, wọ́n tún ìdánwò náà ṣe, kò jọ ti àkọ́kọ́ mọ́. Miller fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Mo fẹ́ràn apá ìtàn yìí, torí ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ariwo ti pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí rí ju òótọ́ inú rẹ̀ lọ, ariwo náà ò sì tíì tán lórí Instagram.

Èémí ni ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé

Ibi tí òótọ́ ti wá fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù ni èémí. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ọkàn tó dáa a máa lù ní dọ́gbadọ́gba bí aago ara ògiri. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tí o bá mí sínú, ọkàn á yára díẹ̀. Tí o bá mí síta, á fà díẹ̀. Lára ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn máa ń hàn dáadáa. Lára ẹni tí ìdààmú ti há mọ́lẹ̀, ó máa ń kéré.

Iṣan kan wà tó ti ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ gba ọrùn, tó lọ sí ọkàn, tó sì dé ikùn. Vagus ni wọ́n ń pè é. Òun ni bíréèkì ọkàn. O ò lè pàṣẹ fún ọkàn pé kó má sáré mọ́. Gbìyànjú ẹ̀ wò, kò ní dá ẹ lóhùn. Ṣùgbọ́n èémí yàtọ̀: ara ló ń mí fún ẹ nígbà tó o bá sùn, síbẹ̀ o lè gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ kó o sì wà á fúnra rẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi pè é ní ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Tí ẹnu ọ̀nà iwájú bá tì, gba ẹ̀yìn wọlé.

Evgeny Vaschillo, onímọ̀ kan láti Rọ́ṣíà, àti Paul Lehrer ní New Jersey ló là á yé wa pé eré kan wà tí èémí máa bá dọ́gba pẹ̀lú ọ̀nà tí ara fi ń tọ́jú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ó jẹ́ nǹkan bíi èémí mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ ronú nípa ọmọdé tó wà lórí jangilófà. Tí o bá ń tì í nígbà tí kò yẹ, á kàn máa gbọ̀n ni. Tí o bá tì í lásìkò tó yẹ, agbára díẹ̀ ti tó láti gbé e lọ sókè. Èémí mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan ni ìtìsókè tó bọ́ sásìkò. Ẹ̀rọ tó wà níka ẹ̀gbọ́n mi ló ń fi hàn wọ́n pé ó ti bọ́ sásìkò.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Ní 2017, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí 24 jọ lórí irú èyí tó ń lo ìlù ọkàn. Gbogbo èèyàn tó wà nínú wọn jẹ́ 484. Wọ́n rí i pé ó dín àìbalẹ̀ ọkàn àti ìdààmú kù gidi. Ní Thailand, ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2012 gba akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì 60, wọ́n fún ìdajì wọn ní ẹ̀rọ biofeedback kékeré fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ara àwọn tó lò ó balẹ̀ ju ti àwọn tí kò lò ó lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣe ìṣirò. 484 pín sí 24, ó jẹ́ nǹkan bí 20 èèyàn nínú ìwádìí kọ̀ọ̀kan. Ìwádìí kékeré ni wọ́n. Tí ẹnì kan bá wá bá yín pé áàpù òun ń wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sàn pátápátá, ẹ fún un ní kóòkì tutù, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ.

Fóònù ọwọ́ rẹ ńkọ́?

Fóònù tó ní kámẹ́rà àti iná lẹ́yìn lè ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Tí o bá fi ìka bo méjèèjì, iná á tàn wọnú ẹran ìka. Ní gbogbo ìgbà tí ọkàn bá lù, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i á rọ́ wọ ìka, ìmọ́lẹ̀ tó ń padà dé kámẹ́rà á sì dín kù. Kámẹ́rà ń ka àyípadà yẹn. Aago ọwọ́ tó ń tan iná àwọ̀ ewé sára náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara wà níbẹ̀ o. Àwọ̀ dúdú máa ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ra ju àwọ̀ funfun lọ. Ẹ rántí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka nígbà Kòrónà láti wo bí afẹ́fẹ́ ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀. Ní 2020, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Michigan fi hàn pé iye ìgbà tí ẹ̀rọ yẹn ń gbójú fo àìtó afẹ́fẹ́ lára aláìsàn tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Wíwọn ìlù ọkàn yàtọ̀ sí wíwọn afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ò yàtọ̀: má jẹ́ kí nọ́ńbà ojú fóònù di wòlíì rẹ. Orí ìka ni kó o lò, torí awọ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ti ọrùn ọwọ́ lọ. Kó o tó fi áàpù kankan sórí fóònù rẹ, wo ohun tó ń béèrè. Áàpù èémí tó ń wá orúkọ gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ, kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbìyànjú ẹ̀. Ẹni tó ń wa mọ́tò, jọ̀ọ́, dúró dé ilé.

Jókòó, fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, tú èjìká sílẹ̀. Gbé ìka lé kámẹ́rà jẹ́jẹ́, má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, má ṣe nǹkan kan, máa wòran. Lẹ́yìn náà, mí sínú gba imú, kí ikùn wú díẹ̀, kó o ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Wá mí síta bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, kó o ka ení dé ẹ̀fà. Tí kíkà kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan, èémí kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, mẹ́fà ló máa wà nínú ìṣẹ́jú kan. Má fa èémí tó pọ̀ jù. Tí òòyì bá ń kọ́ ẹ, o ti ń mí jù nìyẹn, padà sí bó o ṣe ń mí tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ní àìsàn ọkàn tàbí ikọ́ fée, kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀.

Ìlànà Lehrer ń fẹ́ 20 ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ẹ̀gbọ́n mi fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ara bá tutù ni kó o ti kọ́ ọ o. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí odò kún kó tó kọ́ ìlùwẹ̀ẹ́ ti pẹ́. Tó bá yá, gbé fóònù sílẹ̀, kó o mí láìwo jígí.

Ohun tí jígí ò lè ṣe

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ súpáfáísọ̀ wa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣe èyí, ìpayà òru dín kù gan-an. Wọ́n ti ń sùn. Ṣùgbọ́n orí kejì ìwé yẹn ò tíì padà wá! Èémí ò san owó ilé, kò sì bá wọn fi ìmeèlì ránṣẹ́.

Mo bi wọ́n pé, "Kí ló wá yí padà?" Wọ́n ní tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá ti ṣí kọ̀ǹpútà láti kọ̀wé sí ẹ̀ka wọn, ọwọ́ wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n á pa á dé. Lọ́jọ́ kan, wọ́n mí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n kọ lẹ́tà náà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ PhD níbẹ̀. Wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ àti iye ìgbà tí wọ́n ti béèrè. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, wọ́n fún wọn ní súpáfáísọ̀ kejì.

Ibi tí mo ń lọ nìyẹn. Tí ilé ìwé bá fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn, tó wá fi ẹni tó ń já ọkàn rẹ̀ sílẹ̀, ó ti sọ fún un pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ju èémí lọ. Ìwádìí Belgium yẹn ti fi hàn wá pé ọ̀rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Biofeedback wúlò tó bá fún èèyàn ní ìbàlẹ̀ tó fi lè dìde sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ pé kó lè dákẹ́ kó máa fara dà á ni wọ́n ṣe fún un, wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ.

Ó ku ọ̀kan. Tí o bá ń gbọ́ mi, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá àyà tó ń lù, tó jẹ́ pé o ti ń rò ó pé kó o má sí láyé mọ́, gbé áàpù sílẹ̀. Pe ẹnì kan báyìí, kí ẹni náà bá ẹ dé ọsibítù. Àìsàn tí wọ́n ń tọ́jú ni, kì í ṣe ìtìjú, kì í sì í ṣe wèrè. Òfin wa pàápàá ti kúrò níbẹ̀: ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tó rọ́pò èyí tí a jogún látọ̀dọ̀ àwọn amúnisìn, tó ń pe aláìsàn ní wèrè látinú orúkọ rẹ̀ wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń kàwé lọ́wọ́, ẹ má bi wọ́n mọ́ pé ìgbà wo ni wọ́n máa parí. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun, bóyá wọ́n ń sùn. Mo ti sọ fún Bàbá wa. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Nígbà tí wọ́n pè lóṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi ní ìbéèrè àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu wọn ni pé, "Ṣé o ń sùn dáadáa?"

Títí a ó fi tún pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ máa mí jẹ́jẹ́. Ó dàbọ̀ o.